Onílé Kì Í Jókòó

Kí n má tàn yín, Bàbá sú mi lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ń ṣe ní Atlanta níbí, ará Serbia sì ni bàbá tí mo ń lọ tọ́jú nílé wọn ní Loganville. Ẹsẹ̀ wọn méjèèjì máa ń wú. Dókítà ti kìlọ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ dúró pẹ́, pé tí wọ́n bá tún ṣubú, ilé àwọn arúgbó ló kàn. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí sì ti ń wá ilé arúgbó náà kiri.

Ọ̀rọ̀ abúlé wọn kì í kúrò lẹ́nu wọn. Mi ò débẹ̀ rí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dì mí lójú jù mí síbẹ̀, n ó mọ̀nà. Òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì, odò kékeré kan láàárín. Títì ọlọ́dà parí sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ lèèyàn ń fi rin èyí tó kù. Ilé kan wà lórí òkè yìí, òmíràn wà lórí òkè ọ̀hún, oko èso tí wọ́n fi ń pọn ọtí ló là wọ́n láàárín. Wọ́n ti ti ilé ìwé pa, torí àwọn ọ̀dọ́ ti kó lọ sí Germany àti Amẹ́ríkà. Itẹ́ òkú nìkan lèrò ń pọ̀ sí i níbẹ̀.

Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni mímọ́ tirẹ̀ tí wọ́n ń ṣe ọjọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún, bàbá ló sì ń fà á lé ọmọ lọ́wọ́. Wọn kì í pe ẹnikẹ́ni. Mo gbọ́ mo yà tí àwa fi ń bú èèyàn, òun gan-an ni òfin tiwọn.

Ní December, ọjọ́ tiwọn pé. Bàbá yan búrẹ́dì tó ní àgbélébùú lórí, wọ́n se àlìkámà oníṣúgà, wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n din ẹja tó lè bọ́ àdúgbò. Wọ́n wá gbé ìgò ọtí dání, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ta ni yóò wá? Nínú subdivision tí ilé wọn wà yẹn, bí èèyàn bá kanlẹ̀kùn láìtẹ̀ láago, wọ́n lè pe ọlọ́pàá sí i.

“Papa, please, ẹ jókòó.”

“Onílé kì í jókòó tí àlejò bá wà nílé.”

“Àlejò wo?”

Wọ́n nawọ́ sí mi.

Orí mi gbóná. Èmi tí mò ń wẹ̀ wọ́n láràárọ̀ ni àlejò? Wọ́n fa àga fún mi, mo kọ̀. Ta ló bí mi, tí n ó jókòó kí àgbàlagbà máa dúró gbé oúnjẹ fún mi? Ojú wọn korò. Wọ́n ní àlejò tí kò jókòó, ilé àwọn ló kọ̀. Wọ́n ní ẹni tó gun òkè nínú yìnyín wá kí èèyàn, ṣé ìjókòó la fi ń pàdé rẹ̀ ni?

“Papa, Loganville ò lókè! Mọ́tò ni mo gbé wá!”

Bẹ́ẹ̀ làwa méjèèjì dúró bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì. Nígbà tó yá, mo fi ìbínú jókòó, ara mi ò gbà á rárá. Bàbá ò jókòó síbẹ̀. Wọ́n gbé abọ́ ẹja kan ka iwájú mi.

Ìgbà náà ni ọmọ wọn wọlé láti Hampton tó ń gbé. Ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé òun ò ní gba àṣà yìí, pé wàhálà rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó dúró tòun ti kóòtù lọ́rùn, ó ń tẹ fóònù. Bàbá gbéra láti lọ bu ọtí fún un, ẹsẹ̀ wọn yẹ̀. Mo fò dìde, mo gbá wọn mú. N kò mọ̀gbà tí Yorùbá já lẹ́nu mi:

“Gba ìgò yẹn lọ́wọ́ bàbá ẹ!”

Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó rí ojú mi. Ó gba ìgò náà. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó dúró bí onílé síbi tí bàbá rẹ̀ dúró sí, ó sì bu ọtí. Bàbá wò ó títí. Wọ́n rọra jókòó, wọ́n fi ọwọ́ nu ojú wọn.

Shift mi ti parí nígbà náà, ṣùgbọ́n mo padà jókòó. Ọmọ náà tẹ̀ ba létí mi, ó béèrè títí dìgbà wo lòun máa fi dúró.

“Títí n ó fi lọ,” ni mo wí, mo sì na abọ́ mi sí i kó bu àlìkámà sí i.