Ọkọ̀ Tí Wọ́n Tún Ojú Rẹ̀ Ṣe

Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń dúró de bọ́ọ̀sì nínú òtútù Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tí mo ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó ní Forest Hill, ìlérí kan ni ọkọ mi fi ń mú mi lọ́kàn le: bí òun bá ti ra ọkọ̀ mìíràn, tèmi ni èyí tí òun ń wà. Ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ eérú ni, ara àwọn tí wọ́n ń ṣe ní Yúróòpù fún onídìílé, tí búùtù rẹ̀ gba àpò ìrẹsì dáadáa. Mo kọ́ ọkọ̀ wíwà nítorí rẹ̀, mo sì yege. Nítorí pé mo kúrú, mo fi àjákù àǹkárá rán tìmùtìmù tí n ó máa gbé sídìí kí n lè rí iwájú. Inú búùtù ni mo fi í sí.

Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ tó ń ṣe irú ọkọ̀ náà gbé tuntun jáde tí wọ́n tún ojú rẹ̀ ṣe. Ẹńjìnnì kan náà, ìjókòó kan náà, ìdí kan náà. Iná iwájú nìkan ni wọ́n fà tẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú tí wọ́n lé tìróò sí, wọ́n sì gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì. Ọkọ mi rí i, kò sinmi mọ́. Kò sọ nǹkan kan fún mi. Àárọ̀ Sátidé kan ló wa ọkọ̀ wa jáde, ó fi san lára owó olójú tuntun lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọkọ̀. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ó ní kí àáfàá mọ́ṣáláṣí wa, àgbàlagbà kan, bá wa ṣe àdúà sí i. Wọ́n jáde, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n wá gbé ọwọ́ lé ọkọ̀ náà gan-an.

"Brother, ọkọ̀ tuntun ọ̀hún dà?"

"Òun lẹ gbé ọwọ́ lé yẹn, sà. Wọ́n ṣe facelift fún un ni."

"Ah. Mo rò pé ẹ kàn lọ fọ̀ ọ́ ní carwash ni."

Ẹ̀rín pa mí. Ìtìjú rẹ̀ dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́.

Àáfàá bẹ̀rẹ̀ àdúà. Ọkọ̀ yìí ò ní mu ẹ̀jẹ̀: mo ṣe àmín. Kò ní yọnu: àmín. Wọ́n ní, "Ọlọ́hun á jẹ́ kí tọkọtaya jọ wà á pẹ́." Ẹnu mi ò là. Wọ́n dúró dè mí díẹ̀, kí wọ́n tó fa Fàtíhà.

Bí a ṣe wọlé ni ọkọ mi kọjú sí mi. "Kí ló dé tí o ò ṣe àmín? Ṣé o fẹ́ disgrace mi ni?"

"Tìmùtìmù mi dà?"

"Oh, ó wà nínú boot ti old one yẹn. Wọ́n á ti jù ú nù. Kí lo tiẹ̀ fẹ́ fi ṣe?"

Kì í ṣe pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Ọkùnrin tó ń wò mí bí mo ṣe ń lọ kọ́ ọkọ̀ ò rántí ohun tí mo ń kọ́ ọ fún.