Bọ́dì Pijó Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kùn Kẹ́yìn

Iṣẹ́ ti pín láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló ń kun bọ́dì àwọn mọ́tò rìmóòtù wa, èmi ni mò ń mú un le. Àgbàlagbà méjì, ọ̀kan nọ́ọ̀sì, èkejì òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí ní Norcross, a ó jókòó sínú gáréèjì ilé mi ní Ellenwood, nílùú òyìnbó níbí, a ó máa ṣeré ọmọdé. Àwọn ìyàwó wa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn.

Bọ́dì yìí kò ju ike fẹ́lẹ́ lọ, ó mọ́ gaara bí ike omi. Inú rẹ̀ la ti ń kùn ún, kí ọ̀dà má baà họ nígbà tí mọ́tò bá dojú dé. Nítorí náà, àwọn nǹkan kéékèèké tí ojú máa rí lókè ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń kọ́kọ́ kùn, àwọ̀ tó bo gbogbo ara ló máa ń gbẹ̀yìn. Tó bá ti gbẹ, ó di tèmi. Màá da sípírítì sínú rẹ̀, màá yí i káàkiri kó lè ká ọ̀rá kúrò, màá fi í sílẹ̀ díẹ̀, màá nù ún. Lẹ́yìn náà ni màá lẹ téèpù onínẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó ń kọ́lé níbí fi ń bo ojú ògiri mọ́ àwọn igun, màá sì fi gọ́ọ̀mù bàtà bò ó. Tó bá ti sán níbì kan, màá lu ihò bíńtín sí ìparí ibi tó sán, kó má baà sá síwájú sí i. Sípírítì kì í ká ọ̀dà tí à ń fín kúrò rárá. Mo ti ṣe é bẹ́ẹ̀ fún bọ́dì tí mi ò lè kà mọ́.

Nígbà tí kídìnrín ẹ̀gbọ́n mi daṣẹ́ sílẹ̀, àyà rẹ̀ kò gba òórùn ọ̀dà fífín mọ́. Á wúkọ́ títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ni mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Morrow, tí mo ra ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò fún un, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta. Ọjọ́ tí kò bá lọ fọ ẹ̀jẹ̀, á jókòó sídìí tábìlì nínú kíṣíìnì rẹ̀, á máa kùn. Pijó funfun tí bàbá wa fi ń gbé èrò láti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ ló ń kùn sínú bọ́dì ike kan. Ó kun ìpẹtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná iwájú. Ó kun táwẹ̀lì tí bàbá máa ń fi kọ́ ẹ̀yìn àga. Ó kun ibi tó tẹ̀ lára ilẹ̀kùn òsì, tí bàbá kò tún ṣe títí wọ́n fi kú. Oṣù méjì ló fi ṣe é.

Ó ní, "Wò ó, má wa eléyìí o. I'm serious. Jẹ́ kó wà lórí shelf."

Mo wà á. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan, níbi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi gbá etí kọnkéré, igun iwájú sì sán. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sínú mọ́tò ìyàwó rẹ̀, ó ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Afọ́kọ̀!" ló ń pè mí. Mo ní màá tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó kú, mi ò sì tíì fọwọ́ kan bọ́dì náà.

Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ kó ẹrù lọ bá àbúrò tirẹ̀ ní Houston. Ó pè mí.

"Uncle, mo ti kó gbogbo clothes rẹ̀ fún àwọn èèyàn. Mọ́tò yẹn nìkan ni mo fẹ́ mú dání. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un le, kó má crack sí i nínú plane. Saturday ni mo máa wá gbé e."

"Aunty, ẹ fọkàn balẹ̀," ni mo wí.

Láàárọ̀ Sátidé náà, inú ń bí mi, bó ṣe ń bí mi látìgbà ìsìnkú: sí dókítà, sí Ọlọ́run, sí ara mi. Mo lu ihò sí ìparí ibi tó sán. Mo da sípírítì sínú bọ́dì náà, mo yí i káàkiri. Fóònù dún. Aunty ni.

"Uncle, mo ṣì ń parí packing. Two o'clock, màá ti dé."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo dúró lórí fóònù títí ó fi dákẹ́.

Nígbà tí mo padà, sípírítì ti funfun bí omi ògì. Ọ̀dà ilẹ̀kùn mọ́tò bàbá mi ti ṣí, ó ń léfòó nínú rẹ̀. Mo kígbe, mo dà á nù, mo sáré fi aṣọ gbá a mú, èyí tó kù sì bá aṣọ náà lọ. Èmi tí mo ra ọ̀dà náà! Èmi tí mo dúró nínú ṣọ́ọ̀bù, tí mo kà á lára ìgò pé omi ni kí wọ́n fi pò ó, irú èyí tí sípírítì máa ń ká kúrò! Ọwọ́ mi kàn ṣe ohun tó máa ń ṣe ni. Òmùgọ̀ ni mí.

Mo rò ó láti tún un kùn kí n sì panu mọ́. Ìgò ọ̀dà tó ṣẹ́ kù ṣì wà lọ́dọ̀ mi, búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Mo ti ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ìgò kí n tó mọ̀ pé mi ò rántí bí ilẹ̀kùn yẹn ṣe tẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló rántí rẹ̀. Mo dé ìgò náà padà.

Mo wá ṣe iṣẹ́ tí mo mọ̀. Mo lẹ nẹ́ẹ̀tì ní ìlọ́po méjì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fi gọ́ọ̀mù bò ó, mo gbé e sábẹ́ fáànù. Mi ò tíì ṣe irú rẹ̀ dáadáa bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí Aunty dé, mo gbé bọ́dì náà lé e lọ́wọ́, mo sì jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Ó gbé bọ́dì náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, mo sì ń rí ojú rẹ̀ kedere láti òdìkejì. Ó fi àtàǹpàkò tẹ igun iwájú.

"Ṣé ó ti le?"

"Ó ti le, Aunty."

"Kò lè fọ́ mọ́?"

"Kò lè fọ́ mọ́."

Ó tú ìborùn rẹ̀, ó sì rọra fi wé e lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni pé ọ̀dà inú rẹ̀ kò tíì gbẹ.