Àyè Ọbabìnrin Lórí Àtẹ

Òórùn gọ́ọ̀mù ló kí mi lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo dé ilé àkọ́bí mi ní Becontree Heath, nílùú Òyìnbó. Tèmi, ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń lẹ ìwé pélébé-pélébé mọ́ páálí: iṣẹ́ ilé-ìwé ni, àtẹ ìdílé ọba kan ní Yúróòpù. Ọkàn mi bá fò padà sí Abẹ́òkúta, sí ìwọ̀sí kan tí n kò tíì dárí ẹ̀ ji ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo wà nílé-ìwé níbẹ̀, irú àtẹ yìí náà ni tíṣà wa ní kí a yà. Ẹni tó bá yà á dáadáa jù ni yóò kà á fún àwọn òbí lọ́jọ́ ìparí sáà, ó sì wù mí dé egungun. Nínú ìdílé tí a fẹ́ yà, ọba kan kò lọ́mọkùnrin. Ọmọbìnrin rẹ̀ gorí ìtẹ́, ó fẹ́ ọmọ ọba láti ilé mìíràn. Mo kọ obìnrin náà sábẹ́ bàbá rẹ̀, mo kọ ọkọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tíṣà fi báírò pupa fà á nù: "Obìnrin tó ti relé ọkọ, ilé ọkọ ló wà!" Ó gbé ìwé kíkà fún Dúró, ọmọ kíláàsì wa, ẹni tó jí iṣẹ́ mi wò, tó kàn sáré gbé obìnrin náà lọ sílé ọkọ nígbà tó rí báírò pupa. Ẹ̀ṣẹ̀ méjì nìyẹn: ó pa òótọ́ rẹ́, ó sì fún olè lẹ́bùn.

Lọ́jọ́ ìparí sáà náà, Ìyá Rísí, ìyàwó àbúrò bàbá mi, kúnlẹ̀ fún mi níwájú gbogbo ènìyàn. Mo ti ń rìn kí wọ́n tó gbé e wọlé wa.

"Ọkọ mi, ẹ kú ìjókòó o!"

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Ọmọdébìnrin yìí ni ọkọ?"

"Ilé bàbá wọn ni mo wọ̀, tíṣà. Bí wọ́n lọ́kọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, onílé ni wọ́n."

Gbogbo òbí rẹ́rìn-ín. Máàkì mi kò yí padà.

Ìyàwó ìwòyí kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé mọ́. Orúkọ àwọn ọmọ náà ni wọ́n ń pè. Mo ń rò ó lọ́wọ́ nígbà tí Ṣadé, tí àbíkẹ́yìn mi gbé níyàwó lọ́dún tó kọjá, wọlé pẹ̀lú búrẹ́dì.

"Grandma, abẹ́ daddy ẹ̀ ló yẹ kí queen yìí wà, innit?" ni Tèmi bi mí. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ.

Kí n tó dáhùn, Ṣadé ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo páálí náà. "Ibẹ̀ gan-an ni, ọkọ mi."

"Èmi? Husband? Ewww!"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo wá fi àtàǹpàkò tẹ ìwé ọbabìnrin náà mọ́ abẹ́ bàbá rẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ pẹ́.