Àtẹ́lẹwọ́ Abẹ́ Fèrèsé

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mú inú bí mi, kó mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan ní agbègbè Èjìgbò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Ó pẹ́ tí mo ti ń bẹ irú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ wò, torí mo fẹ́ràn ògiri alámọ̀ tó nípọn, tó ń tutù lọ́sàn-án gangan, àti fèrèsé gíga tí orí rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ. Ibi tí mo bá dé, wọ́n á ti fi alumíníọ̀mù dí fèrèsé, wọ́n á sì ti na ike funfun sí àjà. Kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ baba kan, baba náà á sì ti lọ sóko.

Èyí tó dùn mí jù ni ti abúlé ìyá mi, nítòsí Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, ọkùnrin ló mọ ògiri, obìnrin ló fi ọwọ́ rẹ́ ẹ. Ìyá ìyá mi wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, ìyá ìyá mi yìí tẹ àtẹ́lẹwọ́ wọn mọ́ amọ̀ tútù lábẹ́ fèrèsé kan ní apá àwọn obìnrin. Wọ́n kú nígbà tí ìyá mi ṣì wà lọ́mọ ọwọ́, wọn ò ya fọ́tò rí. Àtẹ́lẹwọ́ yẹn nìkan ni ìyá mi mọ̀ ní ìyá. Gbogbo ẹfun tí ìjọ ń kùn sí ògiri kò dí i. Nígbà èwe mi, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, màá rí i tí ìyá mi á rọra fi ọwọ́ tiwọn sínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò mọ̀. Apá ọkùnrin lòun ń jókòó, a kì í sì í sọ ọ́ nílé.

Lọ́dún tó kọjá, ojú ìyá mi ti ń ṣú. Wọ́n ní kí n gbé àwọn lọ fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i kí àwọn tó kú. Mo fi mọ́tò mi gbé wọn, kòtò ọ̀nà sì gbò wá jìgìjìgì. A débẹ̀, baba kọ́kọ́rọ́ wà lóko! A jókòó sábẹ́ máńgòrò títí baba fi dé, tàdá-tàdá, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Màmá, ẹ káàbọ̀! Ẹ ò ní dá ibẹ̀ mọ̀ mọ́ o!"

Òótọ́ ni. Táìlì olódòdó, irú ti balùwẹ̀, ló bo gbogbo ògiri látilẹ̀ dókè.

"Ta ló ní kí ẹ ṣe irú ìranù yìí?" Mo pariwo mọ́ baba tó lè bí mi lọ́mọ. Ìbínú ò kúkú mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.

Ìyá mi ni baba kọjú sí. "Ọmọ yín tó wà ní Abidjan ni, Màmá. Ó ní kí a má ṣẹ́ ògiri kankan kù, pé nítorí yín ni."

Ìyá mi táràrà dé abẹ́ fèrèsé náà. Wọ́n tẹ táìlì, wọ́n sún ọwọ́, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, omi sì bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ baba, wọ́n sì súre fún ọmọ wọn.

Nínú mọ́tò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹ̀gbọ́n mi.

"Pa ẹnu ẹ mọ́," ni ìyá mi wí. "O ò gbọdọ̀ sọ fún un. Oore ló ṣe."

"Oore wo, Màámi?"

"Mo ní oore ni."

A ò tíì dé Èjìgbò tí fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni.

"Àló, sà va? Ṣé àlàáfíà ni? Ṣé Màámi ti rí i? Ilẹ̀ ló kù o, màá fi táìlì tiẹ̀ ránṣẹ́. Ṣé inú wọn dùn?"

Mo wo ìyá mi. Ọ̀nà ni wọ́n kọjú sí, wọ́n la àtẹ́lẹwọ́ wọn sílẹ̀ lórí itan.

"Inú wọn dùn, bọ̀ọ̀dá mi."

"Ṣé wọ́n sunkún?"

"Wọ́n sunkún."