Ìwé Mi Láàárín Ìwé Àsọtẹ́lẹ̀

Nígbà tí àwọn ológun ṣì ń ṣèjọba, mo kọ ìtàn àròsọ kan nípa olórí ìjọba alágbádá tí yóò fìdí rẹmi nínú ìbò lọ́dún mẹ́wàá sí i, tí kò sì ní gbéjọba sílẹ̀. Ẹni tó ń bá mi tà á ní Iléṣà rí ọdún ìbò ọ̀hún lára èèpo ìwé náà, ló bá tò ó mọ́ àwọn ìwé àsọtẹ́lẹ̀ ọdún tuntun tí àwọn wòlíì máa ń tẹ̀.

Bí mo ṣe di wòlíì ọ̀sán gangan nìyẹn. Àwọn kan wọkọ̀ wá láti Òṣogbo. Ìyá kan tó ń taṣọ kúnlẹ̀ níwájú mi: "Bàbá, oṣù wo ni? Ká lè tètè ra iyọ̀ pamọ́."

Mo pariwo, "Ìyá, ìtàn lásán ni mo kọ!"

Ó ní, "Àmín."

Inú bí mi dọ́ba. Kò sẹ́nì kan nínú wọn tó bi mí bí a ṣe lè dá irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ dúró. Bẹ́ẹ̀ wọ́n kàwé ọ̀hún dé ìparí, níbi tí mo ti kọ ohun tó jẹ́ kó ráyè jókòó pa sórí àlééfà: gbogbo ìlú ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ra iyọ̀ pamọ́, wọ́n sì tilẹ̀kùn.