Ihò Inú Àwọ̀n

Kò sí aṣọ tí ìyá ọkọ mi máa mú lọ́wọ́ tí wọn ò ní kọ́kọ́ gbé sókè sí oòrùn. Òkìrìkà ni wọ́n ń tà ní ọjà Missèbo, ihò ni wọ́n sì máa ń wá. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á ní, "Mo mú ẹ!" Aṣọ ìgbéyàwó mi pàápàá ò bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Lọ́sẹ̀ tí mo fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kejì nínú ìdánwò iṣẹ́ olùkọ́, ìyá ní ká lọ sí abúlé apẹja kan létí òkun, ká lọ wo ilé gíga tí iná rẹ̀ ń tọ́ àwọn ọkọ̀ ojú omi sọ́nà. Nígbà tá a débẹ̀, mo ní mi ò lè gun àtẹ̀gùn kankan. Mo jókòó sórí yanrìn.

Apẹja kan sá àwọ̀n rẹ̀ sítòsí wa. Ìyá ò lè mú un mọ́ra. Wọ́n gbé etí àwọ̀n náà sókè sí oòrùn, wọ́n pa ojú wọn kan dé.

Apẹja náà fi èdè Fọ̀n bi wọ́n pé, "Ìyá, kí lẹ̀ ń wá?"

"Ihò ni."

"Ihò kẹ̀? Ìyá, ihò ni gbogbo rẹ̀!"

Ìyá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó tì mí. "Ìyàwó mi, ṣé o gbọ́? Ihò ni gbogbo rẹ̀, ó sì ń kó ẹja."

Mo dìde, mo gbọn yanrìn kúrò lára ìró mi, mo gun ilé gíga náà dókè. Mo kígbe sí wọn nísàlẹ̀ pé màá tún ìdánwò náà ṣe. Wọn ò gbọ́. Wọ́n ti gbé àwọ̀n mìíràn sókè sí oòrùn.