Ojú Àwọn Sójà Nínú Idẹ

Mẹ́dà idẹ mọ́kànlá ni mo ní, ojú sójà ló wà lára gbogbo wọn. Òyìnbó ni àwọn sójà náà, wọ́n sì ti kú tipẹ́. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni mo ti ń kó wọn jọ sínú ilé wa ní Fẹ́sítààkì. Aláàjì tó ń ra irin àlòkù ní Alákijà ló ń bá mi ṣà wọ́n sọ́tọ̀. Ìyá Ológun ni wọ́n ń pè mí. Mo máa ń fi rúlà wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó. Èyí tí wọ́n yọ́ idẹ rẹ̀ dà sínú yanrìn máa ń ní ihò wínníwínní lára. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ kì í ní in.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọ mi obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, mú fọ́ọ̀mù wálé. Ó fẹ́ wọṣẹ́ sójà, òbí sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Mo ní kó gbé e sílẹ̀ kí n kà á. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi kà á. Mo rán an létí ikọ́ tó ṣe é ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Mo ní kó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ mẹ́dà kan, bí ìyá mi ṣe máa ń fọ abọ́ idẹ. Mo mọ̀ pé a kì í fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi ni kò sí níbẹ̀. Àwọ̀ dúdú tó ń jẹ́ kí imú àti irunmú sójà ara rẹ̀ hàn ló bọ́ dànù.

Ọmọ mi wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Màámi, ẹ ti bó sójà yín láwọ̀." Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ọmọ ọlọ́mọ mọ́kànlá lẹ̀ ń nu ojú wọn. Èmi tí mo fẹ́ lọ, ẹ ò gbà."

Mo bi í bóyá ẹ̀rù kò bà á.

"Ẹ̀rù ń bà mí, mà. Mo ṣáà fẹ́ lọ."

Ká ní ó sọ pé ẹ̀rù kò ba òun ni, n kì bá tí fọwọ́ sí i. Mo mú bírò.

Apple Junction, níbi tó ti wọ ọkọ̀, ni mo sìn ín dé. Wọ́n máa ń gba fóònù lọ́wọ́ àwọn tuntun ní ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sójà. Ó ní òun á pè tí wọ́n bá dá fóònù òun padà. Ó ti di ọ̀sẹ̀ méje, kò tíì pè.

Lánàá, Aláàjì pè pé àwọn ti rí mẹ́dà mìíràn. Mo bi wọ́n bóyá àgbà lẹni tó wà lára rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀dọ́ ni, kò tíì hu irùngbọ̀n. Mo ní kí wọ́n tà á fún ẹlòmíràn. Wọ́n bi mí bóyá ara mi yá. Mo ní ó yá, pé kí wọ́n má bínú, mo fẹ́ gé ìpè náà, kí láìnì fóònù mi má baà dí.